Nígbà Tí Èkó Tilẹ̀kùn Mọ́ Ara Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ má bẹ̀rù, òfin tó ní ká jìnnà síra ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn ìjàpá kọ́ ni mo gbé wá, n kò sì fẹ́ sọ ti ọdẹ tó pàdé iwin nínú igbó. Ojú gbogbo wa ló ṣe, etí gbogbo wa ló gbọ́, síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ bá gbọ́ ọ, yóò ní àwọn àgbà tún ti mu ẹmu yó. Ìtàn ọdún 2020 ni, ọdún tí wọ́n sọ fún Èkó pé kó jókòó, tí Èkó sì jókòó.

Èkó tí mo wí yìí, ẹ̀yin èèyàn mi! Èkó tí ariwo dánfó ń jí àkùkọ dípò kí àkùkọ máa jí awakọ̀; Èkó tí Ọ̀ṣòdì kì í dá, tí Ìdúmọ̀tà kì í ṣófo, tí ọjà Balógun kì í ráyè mí; Èkó tí afárá Third Mainland gùn ju kìlómítà 11 lọ lórí ọ̀sà, tí ọkọ̀ sì ń tò lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; Èkó yẹn ló dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá dúró lórí afárá náà lọ́sàn-án gangan yóò gbọ́ bí ìgbì ọ̀sà ti ń lu òpó nísàlẹ̀, ohùn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò gbọ́ rí láti ọdún 1990 tí wọ́n ti ṣí i.

Ta ló pa Èkó lẹ́nu mọ́? Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ọba, kì í ṣe sójà tó gbàjọba. Ohun tí ojú lásán kò lè rí ni. Ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún náà, ará Ítálì kan tó ti ìlú Milan gbéra sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Kò gbé idà, kò gbé ìbọn, àpò ìrìn-àjò rẹ̀ ló gbé. Ó sùn mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, iṣẹ́ gbé e lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó di ọjọ́ 27, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ̀lú, pé ará Ítálì yìí lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yaba, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó gbà wọlé ti ṣí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àrùn yìí a sì máa wà lára ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń jó, tó ń bọ èèyàn lọ́wọ́, tí ara kò sì ni ín rárá.

Ẹ má rò pé irú rẹ̀ kò dé rí. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Bida gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, ọ̀fìnkìn apààyàn sì bá èrò inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn wọ ilé, wọ́n ń wá aláìsàn kiri, wọ́n ń fín oògùn sí yàrá. Kí ni àwọn baba wa ṣe? Wọ́n gbé aláìsàn pamọ́. Ẹni tó lè sá, ó sá: ọkọ̀ ojú irin gbé àwọn kan, ọkọ̀ ọpọ́n gbé àwọn kan, àrùn náà sì wọkọ̀ pẹ̀lú wọn lọ sí ilẹ̀ òkè láìsan kọ́bọ̀. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé ó tó 500,000 èèyàn tó kú ní Nàìjíríà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan kó ara wọn jọ fún àdúrà lábẹ́ Joseph Ṣàdáre. Olùkọ́bìnrin ọ̀dọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, sì ń kéde pé omi òjò àti àdúrà ni ìwòsàn. Ìpàdé kékeré yẹn wà lára ibi tí ìjọ Aládùúrà ti ṣẹ̀. Ẹ wo bí àjàkálẹ̀ ṣe ń fi èèyàn sábẹ́ ilẹ̀ tó sì tún ń gbin ìjọ sórí rẹ̀!

Ní ọdún 1918, ẹsẹ̀ ni aráàlú fi dá ìjọba lóhùn. Ní 2020, ikùn ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Ẹ padà sí Èkó. Ilé-ìwé ti tì, pápákọ̀ ti tì fún ọkọ̀ òkè òkun, ọ̀rọ̀ sì ń rú ṣùṣù lẹ́nu àwọn èèyàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29, oṣù kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari bọ́ sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ó ní láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé ti dé ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá, fún ọjọ́ 14. Nǹkan bí 100 èèyàn péré ni àyẹ̀wò ti rí i lára wọn ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a óò tún padà débẹ̀.

Há, ọjọ́ Ajé yẹn! Ìlú tú jáde bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí ihò èèrùn. Àwọn kan gba gáréèjì lọ, wọ́n ní bí ikú bá máa pa àwọn, kó pa àwọn sí ilé baba àwọn. Àwọn kan gba ọjà lọ, gààrí gbówó lórí, ìrẹsì gbówó lórí, ẹ̀wà gbówó lórí, ata rodo náà gbéraga. Olówó ra àpò àpò, ó ra ẹ̀rọ amómitutù kún un. Mẹ̀kúnnù di owó ọjọ́ kan mú gírígírí, ó ń wo àpò bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ti ìpínlẹ̀ Ògùn rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní gún, ó bẹ Ààrẹ pé kí ó fún òun ní àyè títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, kí òun lè wá oúnjẹ fún àwọn èèyàn òun ná. Nígbà tí òfin sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣí ìlú sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti aago méje àárọ̀ dé aago méjì ọ̀sán, kí èèyàn lè rí nǹkan rà sínú ìkòkò. N kò ní ẹ̀bùn kankan láti fún òṣèlú, ṣùgbọ́n èyí bọ́gbọ́n mu.

Nítorí pé báwo ni fọkanáísà ṣe fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ 14? Báwo ni kọ̀ndọ́kítọ̀, báwo ni onídìrí, báwo ni alágbàfọ̀, báwo ni bírísópe tí wọn kò sanwó fún bí kò bá po kọnkéré? Òní ni wọ́n ń rí, òní ni wọ́n ń jẹ. Ìkòkò wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oṣù tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òfin yìí ní tirẹ̀, ó kó ìṣẹ́ wọlé, ó kó ebi tì í, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Láti Mushin dé Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: ebi ni yóò pa wá kí Kòrónà tó dé. Àwọn mìíràn sì fi kún un, wọ́n ní àrùn olówó ni, àwọn tó ń wọ bàálù ló ń mú, kí ló kan ẹni tó ń wọ mólúè. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni èkejì, òótọ́ ni ti àkọ́kọ́, ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé ti ń rí.

Ààrẹ tún sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà tó ya gbogbo ìlú lẹ́nu. Ó ní bí ilé-ìwé tilẹ̀ tì, kí wọ́n wá ọgbọ́n tí oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé kò fi ní dúró. Ẹ̀rín pa àwọn tí ebi ń pa. Wọ́n ní ṣé ara àga ni wọn yóò máa fún lóúnjẹ ni, àbí ara pátákó ìkọ̀wé? Ìjọba Èkó ní tirẹ̀ kéde pé ilé 200,000 ni òun yóò fi bẹ̀rẹ̀, pé ilé kọ̀ọ̀kan yóò gba ìrẹsì, gààrí, ẹ̀wà àti àwọn nǹkan mìíràn tí èèyàn mẹ́fà lè jẹ fún ọjọ́ 14. Ohùn náà dùn. Àmọ́ Èkó kì í ṣe abúlé tí wọ́n ń lu agogo sí láàárín ọjà; ibi tí oúnjẹ náà dé kò tó nǹkan lójú ibi tí kò dé, àwọn ìyá kan sì ń gbé ìwọ̀nba tí wọ́n pín fún odidi àdúgbò sókè níwájú fóònù, wọ́n ń bi ayé léèrè pé ṣé ẹ rí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀gangan ìtàn wa nìyí o. Ẹ fetí sí i.

Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12, oṣù kẹrin. Ṣọ́ọ̀ṣì tì, pásítọ̀ ń wàásù fún kámẹ́rà, ebi sì ti ń wọ ọ̀sẹ̀ kejì. Òfófó wá gbòde kan pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pe ara wọn ní Awawa àti One Million Boys ń bọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n ní Agége ni tòní, Abúlé-Ẹ̀gbà ni tọ̀la, wọn yóò dé Alágbàdo, wọn yóò dé Sángo, wọn yóò ṣẹ́rí sí Ọ̀tà, wọn yóò jẹ Ìfọ̀ mọ́ ọn. Níbòmíràn, wọ́n dé lóòótọ́, wọ́n jalè, wọ́n ṣèèyàn léṣe. Níbòmíràn, orúkọ wọn nìkan ló dé, ó sì tó lé oorun lójú ìlú.

Bí ilẹ̀ ti ṣú ni ọkùnrin ń jáde láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n dáná sun táyà ní gbogbo oríta, èéfín dúdú bo ojú ọ̀run láti Èkó wọ Ògùn. Ẹni tó ní àdá gbé àdá, ẹni tó ní kùmọ̀ gbé kùmọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ìfúnpá àti oǹdè sílẹ̀ fún lọ tú àpótí tí kò ṣí láti ọjọ́ yìí. Ẹni tí kò rí nǹkan kan mú kó ọmọrí odó jáde. Lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé tí wọn kì í kíra wọn dúró ní èjìká sí èjìká, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń pín omi mu nínú ife kan, wọ́n ń fi fèrè àti ìkòkò ṣe àmì láti àdúgbò dé àdúgbò. Ẹ wo àrà! Ìlú tí wọ́n ní kó jìnnà síra ní ọ̀sán wá fún mọ́ra ní òru ju ọjà Mile 12 lọ. Bí Kòrónà bá ní etí, yóò ti gbọ́. Bó bá ní ẹnu, yóò ti rẹ́rìn-ín.

Mo ti rò ó títí, èrò mi rèé: àwọn èèyàn yẹn kò gba ọlọ́pàá gbọ́, wọn kò gba ìjọba gbọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ gba Kòrónà gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gba àdúgbò gbọ́. Ìgboyà wọn kì í ṣe kékeré. Ọkùnrin tí kò jẹun sùn ló tún fi òru ṣọ́ ìyàwó àti ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ọlọ́pàá Èkó kó ọ̀pọ̀ ọmọ ìta lẹ́yìn náà, Kọmíṣánnà Hakeem Odumosu sì ní kí aráàlú fọkàn balẹ̀. Ní ọjọ́ 13, nígbà tí ojú àwọn tó ṣọ́ òru ṣì pọ́n fún àìsùn, Ààrẹ tún dé sórí ẹ̀rọ, ó fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un.

Agbófinró náà wá di ẹ̀ṣọ́ tí à ń ṣọ́. Láàárín oṣù kẹrin yẹn, Àjọ tó ń rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, NHRC, kéde pé káàkiri orílẹ̀-èdè, èèyàn 18 ni àwọn agbófinró ti pa bí wọ́n ti ń fi òfin náà múlẹ̀. Kòrónà fúnra rẹ̀ pa èèyàn 12 títí di ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ń tòògbé: àrùn pa 12, àwọn tó ní ká sá fún àrùn pa 18.

Àwọn ẹni ńlá ìlú náà kò gbẹ́yìn nínú ìwà òmùgọ̀. Funke Akíndélé, òṣèré tí gbogbo ilé mọ̀ sí Jénífà, ẹni tó ti polówó ìmọ́tótó nítorí àrùn yìí, ló ṣe ọjọ́ ìbí fún ọkọ rẹ̀, tí èrò pé, tí fídíò sì jáde. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ ní Ògbà ní kí tọkọtaya náà san ₦100,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ ìlú. Ìlú pín sí méjì: àwọn kan ní ó tọ́ sí i, àwọn kan ní ṣé òun nìkan ni? Ìdáhùn dé kíákíá. Ọjọ́ 17, Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ, kú. Ẹni tó ní àrùn tálákà kọ́ ni yìí wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹni tó ní àrùn olówó ni kò sì gbọ́ pé òkú kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó kó o ràn. Ìsìnkú rẹ̀ ní Àbújá lọ́jọ́ kejì ni gbogbo ayé rí lórí ẹ̀rọ: àwọn tó ṣe òfin fún mọ́ra létí sàréè bí ẹni pé òfin náà kò kàn wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí ọlọ́pàá bá dá dúró ní Ìyànà-Ìpájà ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Ní Ìbàdàn, ìtàn gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ẹgbẹ́ òṣèlú PDP ṣì pe èrò jọ sí Mápó. Ìgbà tó di ọjọ́ 30, àyẹ̀wò ní Kòrónà wà lára Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ara rẹ̀ yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun lo fítámì C, òun sì lo òróró habatu sáúdà pẹ̀lú oyin, ó wá ku kí ọjà ti ilẹ̀kùn fún èrò tó ń wá habatu sáúdà. Ó kọ̀ láti ti Ọ̀yọ́ pa pátápátá, òru nìkan ló tì. Ẹ má sì bi mí nípa oògùn, nítorí ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ní ọdún 2014 tí Ebola dé, omi iyọ̀ ni wọ́n ní ká fi wẹ̀, orógbó ni wọ́n ní ká jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, Donald Trump yin oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní chloroquine láti Amẹ́ríkà, kò pẹ́ tí àwọn kan fi gbé e mì lálòjù ní Èkó tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, mọ́ṣáláṣí dákẹ́, bàbá ń ṣe lèmọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, wọ́n tú òfin náà díẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù fi ìbomú bomú. Ẹ rántí iye tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, nǹkan bí 100 ni. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó ti lé ní 2,500. Wọ́n kò ṣí i nítorí pé àrùn ti lọ. Ebi ló borí. Báǹkì ni èrò kọ́kọ́ ya bò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n fún mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ìbomú wà ní àgbọ̀n, káàdì wà lọ́wọ́.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè jí sí ìròyìn ìbọn tí wọ́n yìn sí àwọn tó ń wọ́de ní Lẹ́kkí, èrò ya wọ ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza, l'Ékòó. Ìrẹsì! Gààrí! Súgà! Iyọ̀! Makaróónì àti núdùlù! Wọ́n tò ó dé òkè àjà. Oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà ni, èyí tí àwọn oníṣòwò ńlá, lábẹ́ ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe wọn tí wọ́n pè ní CACOVID, dá jọ fún aláìní. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá irú rẹ̀ ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú mìíràn sì tẹ̀lé e. Àgbà ń rù, ọmọdé ń rù, aboyún ń fà á nílẹ̀. Àwọn gómìnà ní àwọn kò fi pamọ́, wọ́n ní pípín rẹ̀ kò tíì parí ni, wọ́n ní àwọn kan tọ́jú tiwọn de ìgbì kejì àrùn náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò gbà á. Ẹni tó ṣọ́ táyà tó ń jó ní Agége lóṣù kẹrin kò lè fi ìgbì kejì ṣe oúnjẹ alẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò lónìí, tí ẹ ó tún kà nípa àrùn mìíràn lọ́la, ẹ lọ ka ìwé ilé ìkẹ́rù yín nísinsìnyí, ẹ wo ọjọ́ tí oúnjẹ wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Lára àwọn àpò tí wọ́n rù kúrò ní Mazamaza, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kì í ṣe fún títà. Òótọ́ ni, wọn kò tà á. Wọn kò sì pín in.